Àwọn Tó Ń Gbé Ìwé Ìdáwó Kiri Ọ́fíìsì: Ó Tó Kí Ìjọba Yẹ́ Wọn Sí

Kò sí sẹkitéríàtì ìjọba tẹ́ ẹ máa dé nílẹ̀ Yorùbá, Aláúsá ni o, Agodi ni o, Òkè-Mosàn ni o, Alágbàká ni o, tẹ́ ẹ ò ní bá ẹni tá à ń sọ yìí níbẹ̀. Ó lè jẹ́ màmá kan ní ẹ̀ka ìṣirò owó, ó lè jẹ́ bàbá tó ń wa mọ́tò fún dírẹ́kítọ̀, ó sì lè jẹ́ akọ̀wé kékeré tó ṣì wà ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 6 tẹ́nikẹ́ni ò kà sí. Àmọ́ tí ìyàwó ẹnì kan bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí wọ́n ní wọn ò ní ṣiṣẹ́ abẹ fún un àfi kówó kọ́kọ́ wọlé, òun ni gbogbo ọ́fíìsì ń wá. Á fa ìlà sínú ìwé, orúkọ lápá òsì, iye owó lápá ọ̀tún, á wá máa ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ohun tágbára yín bá gbé ni o, ẹ má wo tẹni tó wà lókè." Ẹni tó fún un ní ₦200, bó ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ náà ló ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún un ní ₦10,000. Tó bá dìrọ̀lẹ́, á ní kẹ́ni méjì wá bá òun ka owó ọ̀hún, á wọkọ̀ lówó ara ẹ̀ lọ sí ọsibítù, tílẹ̀ bá fi máa mọ́, rìsíìtì ti wà lára ògiri, fọ́tò ẹ̀ ti wà lórí WhatsApp.

Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń sọ ni pé kí ìjọba máa yẹ́ irú èèyàn bẹ́ẹ̀ sí, ní gbangba, lọ́dọọdún, kó sì jẹ́ nǹkan tó lófin, kì í ṣe ojúrere tí kọmíṣánnà kan máa ṣe lọ́jọ́ tínú ẹ̀ bá dùn, tó bá dọdún tó ń bọ̀ kó ti gbàgbé.

A mọ̀ pé ìjọba máa ń yẹ́ òṣìṣẹ́ sí. Ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ni Ọjọ́ Iṣẹ́ Ìjọba nílẹ̀ Áfíríkà, ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń ṣayẹyẹ l'Ábùjá àti láwọn ìpínlẹ̀, wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á fáwọn tó mọṣẹ́ jù láwọ́ọ̀dù, ìyẹn dáa. Lọ́dún 2022, wọ́n yẹ́ ọlọ́pàá kan sí, Daniel Amah, DPO kan ní Kánò, torí pé wọ́n fi $200,000 lọ̀ ọ́ kó lè bo ẹ̀sùn olè jíjà kan mọ́lẹ̀, ó sì kọ̀ ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Inú wa dùn síyẹn gan-an, gbogbo Nàìjíríà ló gbọ́, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́. Àmọ́ ẹni tó kọ owó tí kì í ṣe tiẹ̀ nìyẹn, ta ló wá máa yẹ́ ẹni tó ń yọ tiẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíì sí? Ìyẹn ò wọ́pọ̀ ká gbọ́. Ẹ lọ síbi tí wọ́n bá ti ń ṣe lọ́ńṣìn, ẹ wo ẹni tí wọ́n ń pè wá síwájú, tí onílù ń kì: ọlọ́lá tó sọ mílíọ̀nù sílẹ̀ ni, kódà kówó ọ̀hún má tíì jáde láti báǹkì. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ ìjọba ń wò o, ibi tí wọ́n bá ti rí i pé ọ̀wọ̀ wà náà ni wọ́n máa forí lé.

Ẹ jẹ́ ká wo bọ́rọ̀ ṣe rí lápò. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí láti oṣù keje ọdún 2024 ni ₦70,000, Èkó ní tòun á jẹ́ ₦85,000. Ẹni tó ń gba irú owó yìí, tó ń sanwó ilé, tó ń sanwó ọkọ̀ lọ sanwó ọkọ̀ bọ̀, tó ní ọmọ níléèwé, tó tún wá yọ ₦1,000 nínú ẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíì tó ń gbẹ̀jẹ̀ lára, ohun ńlá ló ṣe yẹn. Ẹni tó wá lè rọ irú wọn bí ọgọ́rùn-ún títí wọ́n fi dá a, tẹ́nì kankan ò bínú, tẹ́nì kankan ò sọ pé wọ́n fi owó òun jẹun, iṣẹ́ ni, ọgbọ́n ni, ìwà sì ni. Ẹ rántí Ọ̀ṣun láàárín 2015 sí 2018, nígbà tí ìjọba ìgbà yẹn ń gé owó oṣù san, tó jẹ́ pé àwọn lẹ́fẹ́ẹ̀lì 7 sísàlẹ̀ nìkan ló ń gba tiwọn pé, lẹ́fẹ́ẹ̀lì 8 sí 10 ń gba 75 nínú 100, láti lẹ́fẹ́ẹ̀lì 12 lọ sókè ń gba ìdajì. Ara wọn làwọn èèyàn fi ń ti ara wọn nígbà yẹn, ẹbí, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, kọpurétíìfù, àtẹni tó jókòó sí tábìlì kejì. Kò sí àkọsílẹ̀ ìjọba tẹ́ ẹ ti máa rí orúkọ àwọn tó ṣe kòkárí ẹ̀.

Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n ti sọ nǹkan yìí dètò tipẹ́. Lọ́dún 1961 ni Ààrẹ John Kennedy buwọ́ lu àṣẹ tó bí ohun tí wọ́n ń pè ní Combined Federal Campaign, ìyẹn ètò tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wọn fi ń dáwó fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, CFC lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹgbẹ́ aláàánú kan á jáde lọ́fíìsì ìjọba, òmíràn á wọlé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe títí ọdún á fi yípo, iṣẹ́ ń dúró, àwọn ọ̀gá míì sì ń fúngun mọ́ ọmọ abẹ́ wọn. Wọ́n wá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sí àsìkò kan ṣoṣo lọ́dún, òṣìṣẹ́ á mú ẹgbẹ́ tó wù ú nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún, á kọ iye tó fẹ́ kí wọ́n máa yọ nínú owó oṣù òun, ó parí. Owó tó ti wọlé látìgbà yẹn ti lé ní bílíọ̀nù 8 dọ́là, ọdún 2009 nìkan lé ní mílíọ̀nù 280. Àwọn ọmọ wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì láwọn ọsibítù àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì lọ́hùn-ún, àtàwọn tó wà nílé ìfìwéránṣẹ́, kì í ṣe ìtàn fún wọn, ibi iṣẹ́ tiwọn náà ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ohun tó wù wá jù nínú ẹ̀ kọ́ lowó. Keyworker ni wọ́n ń pe àwọn tó ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, òṣìṣẹ́ bíi tàwọn yòókù sì ni wọ́n. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí ọ́fíìsì wọn máa ń yá ètò yìí fún oṣù bíi mélòó kan, owó oṣù wọn á ṣì máa wọlé. Tí gbogbo ẹ̀ bá parí, wọ́n á kó wọn jọ, wọ́n á pe orúkọ wọn lójú ọ̀gá wọn, wọ́n á fún wọn níwèé ẹ̀rí. Ó sì ti tó ọdún mélòó kan báyìí tí òṣìṣẹ́ tí ò lówó lè fi wákàtí dípò owó, kó ní òun á fi àsìkò òun ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ báyìí báyìí. Òótọ́ ni pé owó CFC ti já wálẹ̀ gan-an, nígbà tó fi máa di 2018 kò tó mílíọ̀nù 100 mọ́, ohun tó sì fà á pọ̀, àmọ́ wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ ètò náà lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lásìkò yẹn, lójú tiwa sì rèé, wẹ́ẹ̀bù ò lè wo ojú èèyàn kó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́.

Ibì kan wà tẹ́rù ti ń bà wá o, a ò sì ní fi bò. Nílẹ̀ tiwa níbí, táwọn ọ̀gá bá fi lè gbọ́ pé àwọ́ọ̀dù wà nínú owó dídá, kíá ni wọ́n máa sọ ọ́ di lẹ́fì. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Sẹ́kúlà á jáde pé kí lẹ́fẹ́ẹ̀lì báyìí mú iye báyìí wá, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tí ò dá a sára ògiri, àbí kí òṣìṣẹ́ kàn ṣàdéédé rí alẹ́ẹ̀tì lópin oṣù kó rí i pé owó òun dín, kó máa ti ọ́fíìsì kan dé òmíràn bi wọ́n pé ta ló yọ ọ́, kẹ́nì kankan má rí i dáhùn. Ìyẹn kì í ṣe àánú, olè ni, ẹni tó bá sì ṣe é yẹ kó fojú ba ilé ẹjọ́.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ro èyí, wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin CFC. Ọ̀gá ò gbọ́dọ̀ fúnra ẹ̀ gbé àpò lọ bá ọmọ abẹ́ ẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ bi í bóyá ó dá a tàbí kò dá a, ká má tíì wá sọ pé èló ló dá. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ní dandan kí gbogbo ọ́fíìsì dá a láìku ẹnì kan, wọn ò gbọ́dọ̀ bu iye lé èèyàn, wọn ò gbọ́dọ̀ ní ìwé orúkọ àwọn tí ò dá. Èyí tó tún dáa jù létí wa ni pé wọn ò gbọ́dọ̀ tìtorí owó tó wọlé sọ pé ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ dáadáa tàbí kò ṣe dáadáa. Ká mú gbogbo ẹ̀ bó ṣe wà yẹn lò. Tí ìpínlẹ̀ kan ò bá ṣe tán láti kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Torí náà, iye owó kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa wò tí wọ́n bá fẹ́ mú ẹni tí wọ́n máa yẹ́ sí. Ọ́fíìsì kékeré kan tí kò tó èèyàn 15 ní ìjọba ìbílẹ̀ kan lókè Ògùn, ṣé wọ́n lè bá ilé iṣẹ́ ètò ìnáwó l'Ékòó du iye owó ni? Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni náà ni kó yàn án, nínú ìbò ìkọ̀kọ̀, kí dírẹ́kítọ̀ má lọ́wọ́ sí i, kí wọ́n sì kọ́kọ́ rí rìsíìtì àti àkọsílẹ̀ pé owó táwọn èèyàn dá dé ibi tó ń lọ. Tí ìyẹn ò bá sí, kò sí àwọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà kí Olórí Òṣìṣẹ́ Ìjọba buwọ́ lu lẹ́tà ìdúpẹ́ sínú fáìlì ẹni náà, kí wọ́n ka orúkọ ẹ̀ jáde lọ́jọ́ 23 oṣù kẹfà, kí wọ́n sì fún un lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́dún tó máa fi ṣe iṣẹ́ àánú tó yàn láàyò láìyọ owó lára owó oṣù ẹ̀. Kó má jẹ́ owó, torí owó á gbé àwọn tí ò yẹ wá. Kó má sì jẹ́ ìgbéga, torí ìgbéga iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró lórí iṣẹ́. Nǹkan kan tá a tún fẹ́ ni pé kí wọ́n máa dá owó ọkọ̀ tó ná padà fún un, ó ti pẹ́ tó ti ń ná an.

Owó nìkan sì kọ́ là ń wí. Tíṣà ìjọba wà tó jẹ́ pé tí iléèwé bá ti jáde, ó ṣì ń dúró kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC ní ìṣirò láìgba kọ́bọ̀, ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ ara ẹ̀ ló sì ń lò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tún wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù ńlá rí mọ̀ ọ́n, wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ mú ẹni tó máa fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ wá, ẹ̀ ń sáré pe àbúrò, ẹ̀ ń pe aládùúgbò, àwọn tó ń ta ẹ̀jẹ̀ á ti dúró sẹ́nu géètì. Láti 2021 la ti ní òfin tó dá àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ 14 oṣù kẹfà sì ni wọ́n fi ń yẹ́ àwọn tó ń fẹ̀jẹ̀ tọrẹ sí káàkiri àgbáyé, kò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ sí ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọkùnrin tára ẹ̀ le lè fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta, obìnrin lẹ́yìn oṣù mẹ́rin mẹ́rin. Òṣìṣẹ́ tó bá lè kó ogún èèyàn láti ilé iṣẹ́ ẹ̀ lọ fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ará ilé ẹnikẹ́ni ń ṣàìsàn, ẹ̀mí aláboyún tí wọn ò tíì mọ̀ rí ni wọ́n ń dì mú yẹn. Kò sóhun tó burú tí wọ́n bá pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ sórí pèpéle.

Àwọn kan á ní ìkọ̀kọ̀ ló yẹ kéèyàn ti máa ṣàánú, pé Ọlọ́run tó ń rí i á san án. A bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn, ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ òun, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Àmọ́ àwọn àgbà wa ló ní yinniyinni kẹ́ni ó ṣèmíì, ẹni tó ń gbé ìwé ìdáwó kiri kì í sì í ṣe é níkọ̀kọ̀, ojú gbogbo èèyàn ló ti ń gba ẹ̀gàn. Wọ́n ń pè é ní alágbe lẹ́yìn, àwọn kan ń fura sí i, àwọn mìíì ń tilẹ̀kùn tí wọ́n bá gbóhùn ẹ̀ ní kọ́rídọ̀. Tó bá jẹ́ gbangba lẹ̀gàn ti ń wá, gbangba náà ni kí ọpẹ́ ti wá.

Àríwísí tó ká wa lára jù lèyí tó ní ìjọba lè fi àwọ́ọ̀dù bojú, kó máa yin òṣìṣẹ́ tó ń dáwó iṣẹ́ abẹ fún ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìjọba gan-an ló yẹ kó ti rí sí i. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ò parọ́. Òfin ìbánigbófò ìlera tí wọ́n buwọ́ lù lọ́dún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, síbẹ̀ ìwé ìdáwó ṣì ń yí ọ́fíìsì ká. Ohun tá a wá fẹ́ ni pé kí ìjọba máa ka àwọn ìwé yẹn bí ìròyìn. Kí ẹni tí wọ́n bá máa yẹ́ sí jíṣẹ́ fún Olórí Òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún pé ohun táwọn dáwó lé lórí rèé: ẹni mélòó ni iṣẹ́ abẹ, ẹni mélòó ni owó iléèwé, ẹni mélòó ni owó ìfẹ̀yìntì tí ò tíì jáde. Tí wọ́n bá rí i pé iṣẹ́ abẹ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nílé iṣẹ́ kan, kí wọ́n lọ wádìí ìdí tí ìbánigbófò ò fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n sì dá àwọn òṣìṣẹ́ yẹn lóhùn nínú lẹ́tà, kó má jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu.

Tá a bá yọ owó ọkọ̀ yẹn kúrò, kò sí nínú èyí tó ń dúró de owó bọ́jẹ́ẹ̀tì tàbí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yọ owó kọpurétíìfù nínú owó oṣù ti wà nílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ máa dá nǹkan kékeré lóṣooṣù lè fi ọwọ́ ara ẹ̀ buwọ́ lùwé pé kí wọ́n máa yọ ọ́, kó sì fi ọwọ́ kan náà dá a dúró lọ́jọ́ tó bá wù ú. Sẹ́kúlà kan ló kù, Olórí Òṣìṣẹ́ Ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń kọ sẹ́kúlà. Kí wọ́n kọ ọ́ kí oṣù kẹfà tó ń bọ̀ tó dé, kí wọ́n fi òfin tí ò gba ọ̀gá láyè láti fipá gbowó síwájú, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, torí ibẹ̀ làwọn tá à ń wí yìí pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà sì ni sẹ́kúlà kì í tètè dé.