Èsì wa sí Bàbá Ìbejì lórí epo tí Highlander ọdún 2010 ń jẹ, àti lórí àwọn nǹkan tí wọ́n fi kún un

Ẹ̀yin Bàbá Ìbejì, a kí yín, a sì kí Ìyá Ìbejì àti àwọn ọmọ. Ẹ kú ìnáwó ọkọ̀, ẹ ó lò ó gbó. A dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kọ ohun tí ojú yín ti rí pẹ̀lú Toyota Highlander ọdún 2010 tí ẹ rà lọ́wọ́ wa ní Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń wá jíìpù ìdílé ni yóò ka ọ̀rọ̀ yín kí ó tó yọ owó lápò, ìdí nìyẹn tí a fi ń fèsì ní gbangba, tí a kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí fóònù.

Ẹ kọ ọ́ pé ọkọ̀ náà gba gbogbo ilé, pé AC rẹ̀ ń tutù dé ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, àti pé kò tíì dá yín dúró lọ́nà rí. Síbẹ̀ ìràwọ̀ méjì péré ni ẹ fún wa, nítorí pé bí ẹ ṣe sọ, epo bẹntiróòlù lítà 50 kò gbé yín ju kìlómítà 240 lọ kí iná epo tó tún tàn, bẹ́ẹ̀ ẹ kì í sá ju 80 lọ lójú ọ̀nà Adó-Èkìtì. Ẹ fi kún un pé bátìrì máa ń kú bí ọkọ̀ bá ti wà lójú kan fún ọjọ́ méjì láti ìgbà tí ẹ ti fi rédíò olójú ńlá sí i, àti pé àwọn ọmọ iṣẹ́ wa kọ̀ láti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì nínípọn tí ẹ rà lé èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ béèrè bóyá kí ẹ tà á kí ẹ sì ra onísílíńdà mẹ́rin. A ó dáhùn gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ epo ni a ó pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé ìrànwọ́ owó orí epo ti dópin, kò sí onímọ́tò kan ní Nàìjíríà tí kì í ka lítà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo dáṣíbọ́ọ̀dù yín dáadáa. Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ náà ti wá, máìlì ni wọ́n sì fi ń ka ọ̀nà lọ́hùn-ún. Iye tí ẹ ń rí lórí òǹkà ìrìn rẹ̀ kì í ṣe kìlómítà. Máìlì ni, máìlì kan sì jẹ́ kìlómítà 1.609. Nítorí náà, 240 tí ẹ kọ sílẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 386. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti lo ọkọ̀ tí a kó wá láti Jámánì tàbí Bẹ́ljíọ̀mù tẹ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń rú lójú, nítorí pé kìlómítà ni ó ti mọ́ wọn lára.

Táyà tí ẹ pààrọ̀ tún ní ọwọ́ nínú rẹ̀. 245/65R17 ni irú ọkọ̀ yín ń lò, ẹ sì sọ pé 265/65R17 ni ẹ fi rọ́pò rẹ̀ kí ọkọ̀ lè ga díẹ̀ lórí kòtò. Táyà tuntun yìí tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ ní nǹkan bí ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ yóò lọ jìnnà díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òǹkà kò mọ̀ pé a ti pààrọ̀ táyà, iye tí ó ti ń kà tẹ́lẹ̀ náà ni yóò kà. Bí a bá ro èyí mọ́ ọn, ìrìn tí lítà 50 yín rìn súnmọ́ kìlómítà 400, èyí tí ó fún wa ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́jọ lórí lítà kan.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí a mọ̀ nípa irú ọkọ̀ náà. EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń mójú tó àyíká, ni ó ń kéde iye epo tí ọkọ̀ tuntun ń jẹ níbẹ̀. Fún Highlander onísílíńdà mẹ́fà tí gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń wakọ̀, irú tiyín gan-an, máìlì 17 lórí gálọ́ọ̀nù kan ni wọ́n kọ fún ìgboro, wọ́n sì kọ 19 fún ìgboro àti ọ̀nà márosẹ̀ papọ̀. Gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 3.785, nítorí náà 17 yẹn jẹ́ kìlómítà 7.2 lórí lítà kan, 19 sì jẹ́ kìlómítà 8.1. Ìdí nìyí tí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀ yín nígbà tí ẹ wá wò ó fi sọ pé kí ẹ máa retí kìlómítà méje sí mẹ́jọ. Ọkọ̀ tí ó ti lò tó báyìí, tí ó sì ṣì ń jẹ iye epo tí wọ́n kéde fún un nígbà tí ó jẹ́ tuntun, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le koko.

A kò sọ èyí láti fi pa yín lẹ́nu mọ́, nítorí pé owó lítà 50 kì í ṣe owó kékeré fún ẹnikẹ́ni. Jíìpù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù méjì, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 3.5, kò lè jẹ epo bíi Corolla láéláé, oníṣòwò tí ó bá sì sọ pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ràn ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n a gbà gbọ́ pé epo díẹ̀ ṣì wà tí ẹ lè dá dúró láìtà á, bí ẹ bá fara balẹ̀ wo bí ẹ ṣe ń lò ó àti ohun tí ẹ gbé lé e lórí.

Ẹ sọ pé láti Akóbò ni ẹ ti ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé ní Mọ́kọ́lá láàárọ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá ń gba ọ̀nà yẹn ní àkókò yẹn mọ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ rẹ̀ ṣe ń rí. Gẹ́gẹ́ bí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ṣírò rẹ̀, ọkọ̀ tí ó dúró lójú kan pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì títan lè jó ìdá mẹ́rin gálọ́ọ̀nù sí ìlàjì gálọ́ọ̀nù ní wákàtí kan, ìyẹn bíi lítà kan sí méjì, bí ẹ́ńjìnnì náà bá ṣe tóbi sí àti bí AC bá wà ní títan. Epo yìí ń jó láìjẹ́ pé òǹkà sún rárá. Oníbàárà wa kan ní Olúyọ̀lé tí ó ń lo irú ọkọ̀ kan náà sọ fún wa pé ìrìn ránpẹ́ ni ó ń jẹ òun lówó jù, nítorí pé ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná tán tí òun yóò ti pa á, tí òun yóò sì tún tan án ní wákàtí díẹ̀ sí i. Òótọ́ ni ó sọ. Ẹ́ńjìnnì tútù ń jẹ epo ju èyí tí ó ti gbóná lọ, AC tí ó sì ń gbìyànjú láti mú ọkọ̀ tí oòrùn ti pa tutù tún ń dá kún un. Bí ẹ bá lè sí fèrèsé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ooru kọ́kọ́ jáde kí ẹ tó tan AC, yóò ràn yín lọ́wọ́.

Ní ti ojú ọ̀nà Adó-Èkìtì, ọ̀rọ̀ 80 tí ẹ sọ ni ó jẹ wá lógún jù lọ. Nọ́ńbà ńláńlá tí ó wà lójú òǹkà eré yín, máìlì ni òun náà. Àwọn kéékèèké tí ó wà nínú ni kìlómítà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lórí 80 ńlá, kìlómítà 129 ni ẹ ń sá ní wákàtí kan, táyà ńlá yẹn sì tún fi díẹ̀ lé e. Kìlómítà 100 ni òfin ìrìnnà fi ṣe òpin eré fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀, ìyẹn 62 lórí òǹkà yín. Nítorí àwọn ìbejì tí ń bẹ lẹ́yìn ọkọ̀ ni a ṣe kọ́kọ́ ń sọ ọ́ o, kí a tó sọ ti epo.

Àmọ́ ti epo náà kò kéré. Atẹ́gùn tí ọkọ̀ ń là kọjá máa ń le sí i gan-an bí eré bá ti ń pọ̀, ẹ sì ti gbé àpótí ẹrù ńlá sórí kárìà òkè ọkọ̀ yín, tí ó ń wà níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Nínú ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde fún àwọn onímọ́tò, irú àpótí bẹ́ẹ̀ lè dín ìrìn tí epo ń rìn kù ní ìdá 2 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìgboro, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń sá máìlì 65 sí 75 ní wákàtí kan, ìdínkù náà lè tó ìdá 10 sí 25. Ẹ ń sá ju ìyẹn lọ. A kò ní kí ẹ má lò ó. Ìdílé tí ó ń ti ilé bọ̀ pẹ̀lú àpò gààrí àti iṣu kò lè kó gbogbo rẹ̀ sẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni pé bí ẹ bá ti délé, kí ẹ tú àpótí náà sílẹ̀. Ìdílé kan tí ó máa ń lọ sí Ìlọrin láti ọ̀dọ̀ wa níbí ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní ariwo tí àwọn ń gbọ́ lókè orí ti dópin pẹ̀lú rẹ̀. Irin tí ẹ dè mọ́ iwájú bọ́ńpà kò fa atẹ́gùn tó bẹ́ẹ̀, ẹrù rẹ̀ ni ọ̀ràn, ẹrù kìlógíráàmù 45 kan sì ń mú nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Mẹkáníìkì yín ní kí ẹ pààrọ̀ fílítà afẹ́fẹ́ kí epo lè dínkù. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá dọ̀tí, nítorí agbára ọkọ̀, ṣùgbọ́n lórí ẹ́ńjìnnì òde òní tí kọ̀ǹpútà ń wọn epo fún, kì í dín epo kù. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ìyẹn ni kí ẹ má fojú fò, nítorí pé ẹ̀rọ kékeré tí ń yẹ èéfín wò, tí wọ́n ń pè ní oxygen sensor, lè mú kí ọkọ̀ máa da epo nù bí ó bá bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ bátìrì kò le. Ojú wáyà tí iná kì í kúrò lórí rẹ̀ ni ó dà bíi pé wọ́n so rédíò náà mọ́, dípò èyí tí ń kú bí ẹ bá yọ kọ́kọ́rọ́, nítorí náà kì í sùn. Rewáyà wa yóò yẹ̀ ẹ́ wò, bí ó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò tún un so.

Ní ti kápẹ́ẹ̀tì, àwa ni a pàṣẹ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ wa pé kí wọ́n kọ̀, a ó sì tún kọ̀ lọ́la. Ní oṣù Kìíní ọdún 2010, Toyota fa ìpè-padà (recall, ìyẹn pípe ọkọ̀ padà fún àtúnṣe) tí ó ṣe ní Amẹ́ríkà nítorí kápẹ́ẹ̀tì gùn dé orí Highlander ọdún 2008 sí 2010, tiyín sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó fà á ni pé kápẹ́ẹ̀tì tí kò dúró sójú kan, tàbí tí a tẹ́ lé òmíràn, lè sún síwájú kí ó há pẹ́dà tí a fi ń tẹná mọ́lẹ̀, tí ọkọ̀ kò sì ní dẹ̀rọ̀ bí awakọ̀ bá tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ìkọ́ wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ awakọ̀ tí ó yẹ kí kápẹ́ẹ̀tì rọ̀ mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tí ẹ rà, a ó yọ ti àtijọ́ kúrò, a ó sì rí i dájú pé tuntun náà bá ìkọ́ yẹn mu; bí kò bá bá a mu, ọ̀dọ̀ àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn nìkan ni kí ó wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹlòmíràn tẹ́ ẹ lé orí ara wọn fún yín.

Bóyá kí ẹ wá ra onísílíńdà mẹ́rin? Highlander onílítà 2.7 tí ó jáde láti ọdún 2009, máìlì 22 lórí gálọ́ọ̀nù ni EPA kọ fún un ní àpapọ̀, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 9.4 lórí lítà kan. Bí ẹ bá rin kìlómítà 1,000, nǹkan bíi lítà 17 ni ẹ ó fi ṣẹ́kù. Ẹ fi iye tí ilé epo ń ta lítà kan sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì fi wé owó tí ẹ ó pàdánù bí ẹ bá tà kí ẹ sì tún rà. Agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 187 ní ìwọ̀n agbára ẹṣin (horsepower), tiyín jẹ́ 270, ẹsẹ̀ iwájú nìkan ni ó sì ń wakọ̀. Ẹni tí kì í kúrò nínú ìgboro ni a máa ń gbà níyànjú pé kí ó rà á, ó sì ń tẹ́ wọn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kó ènìyàn méje àti ẹrù gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ẹ ó máa tẹná mọ́ ọn títí ni, èyí tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ yóò sì jó sórí òkè náà. Ní tiwa, ẹ má tà á.

Kí ẹ tó wá, ẹ bá wa wọn epo náà. Ẹ rọ ọ́ kún títí ẹnu ẹ̀rọ yóò fi já fúnra rẹ̀, ẹ dá òǹkà ìrìn kékeré padà sí òdo, ẹ lò ó láàárín ìlú láìsí àpótí lórí rẹ̀, kí ẹ sì padà sí ilé epo kan náà lọ rọ ọ́ kún. Ẹ kọ lítà tí ó wọlé àti máìlì tí ó hàn sílẹ̀. A ó bá yín sọ ọ́ di kìlómítà, a ó sì ro ti táyà mọ́ ọn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá tún ń lọ sí Adó. Ẹ wá ní ọjọ́ iṣẹ́ tí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn, kí ẹ mú ìwé yẹn dání. A ó fi ẹ̀rọ yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò láìgba kọ́bọ̀, a ó wọn atẹ́gùn inú táyà, rewáyà yóò sì ṣe ti rédíò. Bí iye tí ó jáde bá kéré sí kìlómítà méje lórí lítà kan, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa kí a wá ohun tí ń fà á.

Àwa tí a ta ọkọ̀ fún yín, Ìbàdàn.