Ìkọ́ Ló Ń Mú Bàbà, Kì Í Ṣe Ihò Nìkan

Gbogbo àgbẹ̀ kòkó ní Ìdànrè, Ilé-Olújì àti Oǹdó ló mọ oògùn bàbà tí wọ́n ń fín lásìkò òjò kí èso má baà jẹrà dúdú lórí igi. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bàbà fúnra rẹ̀ kì í jẹrà. Èyí tó bá kán sílẹ̀ á máa kó jọ sínú ilẹ̀, àgbàrá á sì wọ́ nínú rẹ̀ lọ sódò. Ọ̀nà wà tí a lè gbà yọ ọ́ kúrò nínú omi, a ò sì ní láti lọ ra nǹkan náà lókè òkun.

Pólímà oníhò là ń sọ, ìyẹn ohun tí a fi ẹyọ kéékèèké hun pọ̀ bí ẹ̀wọ̀n, tí ihò sì kún inú rẹ̀. Ẹ fi wé kànrìnkàn tí ọ̀pọ̀ ihò rẹ̀ kò tó nànómítà 2 ní fífẹ̀ (ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà ni nànómítà kan). Gíráàmù méje péré, bí a bá lè tẹ́ inú ihò rẹ̀ sílẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ bo pápá bọ́ọ̀lù tán. Lọ́dún 2025, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà Kitagawa, Robson àti Yaghi gba ẹ̀bùn Nobel lórí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó ní irin nínú, irú òkìkí bẹ́ẹ̀ sì lè mú kí èèyàn máa sáré lé iye ihò. Pólímà kan wà tó ń jẹ́ PAF-1, tó jáde lọ́dún 2009. Inú gíráàmù kan rẹ̀ fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 5,600. Ṣùgbọ́n nickel tí wọ́n fi ń ṣe é wọ́n, afẹ́fẹ́ lásán sì ti tó láti ba nickel náà jẹ́. Iyì ni. Kì í ṣe ibẹ̀ ló yẹ kí owó Ìpínlẹ̀ Oǹdó kọ́kọ́ lọ.

Ihò gbígbòòrò tí kò ní ìkọ́ nínú, omi oníbàbà á gba inú rẹ̀ kọjá ni. Ohun tó ń di bàbà mú ni amine, ẹ̀yà kékeré tó ní náítírójìn, tó so mọ́ ògiri ihò náà bí ìkọ́. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé pólímà tó rọrùn láti fi ìkọ́ sí ló yẹ ká gbájú mọ́, ì báà má gbòòrò tó ti àwọn olókìkí.

Ọ̀nà tí a fara mọ́ ni ti híhun, ìyẹn síso àwọn òrùka benzene mọ́ra wọn, tí àwọn olùwádìí ní Wuhan ní Ṣáínà gbé jáde lọ́dún 2011. Benzene gíráàmù 1.56, formaldehyde dimethyl acetal tó ń so wọ́n pọ̀, gíráàmù 3.04, àti dichloroethane, omi tí a ó pò wọ́n sí, mílílítà 20. Ẹ pò wọ́n pọ̀ ná, kí ferric chloride tí kò ní omi, èyí tó ń mú kí híhun náà wáyé, gíráàmù 6.5, tó wọlé. Wákàtí 5 lórí 45°C, wákàtí 19 lórí 80°C. Gáàsì ásíìdì máa ń jáde, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dé e pa. Ohun tó bá jáde, ẹ fi methanol fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́ gaara, kí ẹ tó gbẹ ẹ́ lórí 60°C nínú ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ súnmọ́ gíráàmù 2. Bó bá wọn 3, irin àti dichloroethane ló há sínú ihò, ẹ padà lọ fọ̀ ọ́.

Bí a bá fẹ́ ìkọ́ amine, dichloroxylene, mọ̀lẹ́bí benzene tó ní chlorine lára, la ó fi bẹ̀rẹ̀. Apá kan chlorine rẹ̀ á bá iṣẹ́ híhun lọ, apá kan á ṣẹ́kù, ibẹ̀ ni ethylenediamine, tó gbé amine wá, máa jókòó sí. Bó bá pẹ́ jù lórí iná, chlorine á tán, kò ní síbi tí ìkọ́ á so mọ́. Bí ìkọ́ bá sì pọ̀ jù, òun fúnra rẹ̀ á dí ihò.

Níbo ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́ nílùú bí Àkúrẹ́? Òjò àti iná ni. Ferric chloride tí a ṣí nínú ọ̀rinrin oṣù keje á fa omi mọ́ra, dúdú rẹ̀ á di ẹrẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè, kò sì ní hun nǹkan kan mọ́. Bí iná ọba bá lọ ní wákàtí kẹwàá, pólímà náà á hun dé ìdajì. Ihò rẹ̀ á wó nígbà tó bá ń gbẹ. Ẹ̀rọ tó ń wọn ihò, tó ń lo náítírójìn olómi ní −196°C, kò lè tún ìyẹn ṣe.

Nítorí náà ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni yàrá ìwádìí kan ṣoṣo ní Àkúrẹ́, tí FUTA (fásitì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́), fásitì Àkùngbá, ti Òkìtìpupa àti UNIMED (fásitì ìmọ̀ ìṣègùn) ní Oǹdó á jọ máa lò: sólà pẹ̀lú bátìrì tó lè gbé wákàtí 24, ibi tí èéfín ti ń jáde dáadáa, àti ohun èlò tí a ó fi tún dichloroethane sè fún lílò mìíràn, nítorí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ, kò sì gbọ́dọ̀ dé odò Àlà. Ẹ̀rọ tó ń wọn ihò lè tẹ̀ lé e.

Láti ka ìkọ́, burette (ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń wọn omi) ti tó, nítorí ìkọ́ amine máa ń gba ásíìdì mọ́ra. Ẹ fi pólímà gíráàmù 0.1 sínú ásíìdì HCl 0.01 M, mílílítà 50, di ọjọ́ kejì. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi NaOH (sódà tó ń pa ásíìdì) 0.01 M wọn gbogbo ásíìdì tó ṣẹ́kù. Bó bá gba mílílítà 30, a jẹ́ pé mílimóòlù 2 ìkọ́ wà nínú gíráàmù kan.

Àwọn kan á ní èédú èèpo kòkó ti tó. Òótọ́ ni pé ó dára fún òórùn àti àwọ̀ omi, ó sì dínwó. Àmọ́ ìkọ́ ara rẹ̀ kéré, kò sì dọ́gba. (Ti kòkòrò àrùn, èédú àti pólímà kò yanjú rẹ̀, chlorine ni.)

Ẹ jẹ́ kí ìdánwò àkọ́kọ́ wáyé ní odò kan ní Ìdànrè, lẹ́yìn fífín oògùn. Kí pólímà náà jẹ́ oníkóró, nítorí ẹ̀tù lẹ́búlẹ́bú á dí páìpù. Bó bá kún, HCl 0.1 M á tú bàbà sílẹ̀, pólímà á sì tún ṣeé lò. Ásíìdì aláwọ̀ búlúù tó jáde yẹn, kí wọ́n fi láìmù (calcium hydroxide) sí i títí pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n ásíìdì, á fi dé 9, kí bàbà rọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n kó o sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní àmì lára.