Ta ló ní ẹni tó ń dín ọ̀rá kù kò gbọdọ̀ jẹ ọbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde kó má baà pa mí sínú. Ẹni tí dókítà bá ní kó lọ dín sísanra kù, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀? Ṣé ẹ̀wọ̀n ni wọ́n rán an lọ ni? Gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní oúnjẹ dáyẹ́ẹ̀tì ní Ìkòròdú yìí, bí ẹ bá fi sẹ́nu, ẹ ó rò pé ẹni tó sè é ń bínú sí yín ni. Àyà adìẹ bíbọ̀ tó gbẹ táútáú. Kábéèjì bíbọ̀. Kùkúńbà tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Ẹyin bíbọ̀ tí iyọ̀ ò kàn rárá. Bí ẹ bá wá béèrè pé ọbẹ̀ dà, wọ́n á wò yín bí ẹni tó béèrè ọtí ní mọ́ṣáláṣí.

Ata ò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni o! Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Àwọn àgbà ní ẹ̀mí tí kò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni. Wọn ò sọ pé dandan ni kí ata náà máa lúwẹ̀ẹ́ nínú òróró. Tòmátò tó wọn 100 gíráàmù, kálórì inú ẹ̀, ìyẹn agbára tí oúnjẹ ń fún ara, ò ju bíi 18 lọ. Àlùbọ́sà tó wọn bẹ́ẹ̀, bíi 40. Tàtàṣé wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ wá bu òróró ṣíbí ìjẹun kan ṣoṣo, èyí tí ò tó gíráàmù 15, bíi 120 kálórì ló wọlé yẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ tàn yín jẹ. Epo pupa ni o, òróró ẹ̀pà ni o, òróró ólífì tí wọ́n rọ sínú ìgò aláwọ̀ ewé tí wọ́n sì bu owó gọbọi lé ni o, gíráàmù ọ̀rá kan, kálórì 9 ni. Ìgò tó rẹwà ò ní kó dín.

Ohun tí mò ń wá ò wá le. Ọbẹ̀ ata tó ta, tó ní irú, tí òórùn ẹ̀ ń pe èèyàn láti ọ̀nà, tí òróró ẹ̀ sì mọ níwọ̀n, tí mo lè dà sórí ẹja tàbí ẹ̀wà kí n tó wọkọ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú tó tóbi tó báyìí, láti Ogolonto títí dé Odogunyan, ẹ wá a títí, ẹ ò ní rí ẹni tó ń tà á.

Mo dúró níwájú ìyá oníbùkà kan ní ìtòsí Sábó. Ìkòkò ọbẹ̀ ata ńlá wà lórí iná, òróró pupa ti léfòó bo ojú ẹ̀, ó nípọn débi pé ẹ ò rí ata. Ẹ máa kọ́kọ́ fi ṣíbí la òróró yẹn kọjá kí ẹ tó kan ọbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ẹ kúuṣẹ́ o, màámi. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi bu tìsàlẹ̀, ẹ má bu tòkè sí i."

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìyàwó mi, ṣé kò sí o? Ara ẹ ò yá ni?"

Mo ní ara mi yá mà, mò ń dín ọ̀rá kù ni.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ṣíbí bọ inú ìkòkò, wọ́n ro ó pọ̀ tòkè-tìsàlẹ̀, wọ́n bù ú, wọ́n dà á gbàà sórí ẹja mi. "Ọbẹ̀ tí ò lépo! Kí àwọn èèyàn máa ní n ò mọ ọbẹ̀ í sè?"

N ò bá wọn fa ọ̀rọ̀. Àgbà ni wọ́n, oníbàárà sì tò sẹ́yìn mi. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi títí mo fi dé Ẹ̀bùté. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ká ní ṣíbí ìjẹun mẹ́ta òróró ló wà nínú abọ́ yẹn, mo sì mọ̀ pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, 360 kálórì nìyẹn ká tó dórí ẹja. Ẹyin bíbọ̀ mẹ́rin ò tó o. Mo fi ebi pa ara mi láàárọ̀, ṣíbí ọbẹ̀ kan gbà á padà lọ́wọ́ mi lọ́sàn-án, mo sì fi owó mi san án!

N ò ní purọ́ mọ́ àwọn oníbùkà. Epo yẹn níṣẹ́ tó ń ṣe. Lójú àwa Yorùbá, epo tó bá léfòó ni àmì pé ọbẹ̀ ti jinná, pé tòmátò ò kan mọ́, pé owó wà nílé. Ìdí mìíràn tún wà tí àwọn tó ń kọ ìwé dáyẹ́ẹ̀tì ò mọ̀, torí iná wọn kì í lọ. Ata tí wọ́n dín títí omi fi gbẹ nínú ẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ata tí wọ́n kàn sè lásán, tí omi ṣì wà nínú ẹ̀, bó bá sun oorun ọjọ́ méjì láìsí fíríìjì, yóò ti máa hó. Iná tí wọ́n ń fún wa ládùúgbò mi ńkọ́? Ó ń wá bó ṣe wù ú, ó ń lọ nígbà tí ọbẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fíríìjì. Owó iná tí wọ́n ń gbà kì í lọ ṣá.

Wọ́n ní bí mi ò bá rí i ní bùkà, kí n lọ sí ilé ìtajà ńlá, ibi tí wọ́n ti tan iná, tí a/c ń fẹ́. Mo lọ. Ìgò sọ́ọ̀sì tò bẹẹrẹ, wọ́n kọ "light" sí èyí, wọ́n kọ "zero" sí tọ̀hún. Mo gbé ọ̀kan, mo yí i sẹ́yìn láti ka ohun tó wà nínú ẹ̀. Kí ni mo rí? Wọ́n ti lẹ bébà iye owó mọ́ orí tábìlì kálórì gan-an! Nínú gbogbo ara ìgò, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Mo fi èékánná ha á. Ọmọdébìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sáré dé: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò gbà ká máa ya iye owó o." Mo ní, ọmọ mi, ṣé ẹ gbà kí n mọ ohun tí mo fẹ́ jẹ? Kò dáhùn. Kì í ṣe ẹjọ́ tiẹ̀ náà, kì í ṣe òun ló lẹ̀ ẹ́.

Èyí tí wọn ò bo ńkọ́? Òun gan-an ló burú jù. Ẹ ó rí i pé kálórì ẹ̀ kéré, inú yín á dùn. Kí ẹ tó dé ibi owó, ẹ tún un kà: ṣíbí kan ni wọ́n ń sọ. Ta ló ń jẹ sọ́ọ̀sì ṣíbí kan? Èmi ọmọ Yorùbá, tí mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọbẹ̀? Ní Amẹ́ríkà, òfin gbà wọ́n láàyè láti kọ òdo sára nǹkan tí kálórì ẹ̀ ò bá ti tó 5 nínú ìwọ̀n tí wọ́n ní kí èèyàn jẹ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà wọ́n á sọ ìwọ̀n yẹn di tíńtín, òdo á sì wọlé. Òdo ọlọ́gbọ́n! Àwọn mìíràn á fi kilojoule, ìwọ̀n agbára oúnjẹ mìíràn, kọ ọ́, ẹ ó rí 400, ẹ̀rù á bà yín, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kálórì kan tó bíi kilojoule 4.2, ẹ̀rọ ìṣirò lẹ máa gbé lọ sọ́jà.

Ketchup tí wọ́n ń fún ọmọdé, ṣíbí ìjẹun kan ẹ̀ ní tó ṣíbí tíì kan ṣúgà nínú. Mayonnaise gidi, ọ̀rá ni, kò sí àlàyé kankan níbẹ̀. Soy sauce ni wọ́n sọ pé kí n máa lò nígbà náà, pé kò ní kálórì. Òótọ́ ni, kálórì ẹ̀ ò tó nǹkan. Iyọ̀ ló ní. Ṣíbí ìjẹun kan ní bíi 900 mílígíráàmù sodium, èròjà inú iyọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó 2,000 lóòjọ́. Èmi tí wọ́n ní kí n dín ara kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru! Ẹ yọ mí nínú iná, ẹ tì mí sínú odò.

Ti àwọn kóòṣì orí WhatsApp, àwọn tó ń kọ́ni bí a ṣe ń dín ọ̀rá kù, wá ni àpárá ńlá. Ẹ san owó, wọ́n á fi ìwé ránṣẹ́: Greek yoghurt, balsamic vinegar, Dijon mustard, sriracha. Níbo ni kí n ti rí wọn, ní Ìta Ẹlẹ́wà? Yóógọ́ọ̀tì tó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń kiri ní títì, ṣúgà ni wọ́n fi pò ó. Mo fìbínú bi kóòṣì náà pé irú ńkọ́, efinrin ńkọ́, ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́? Ó ní òun ò tíì ka nípa wọn. Ewédú kì í gba epo láti ọjọ́ táláyé ti dáyé, kò kà á! Ó fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́ sí mi. Owó mi ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Nǹkan yìí ò sì le sè, ohun tó ń mú mi kanra nìyẹn. Ẹ to tàtàṣé, tòmátò àti àlùbọ́sà sórí èédú tó ti pọ́n dáadáa, ẹ jẹ́ kí èèpo ẹ̀ dúdú, kí ó máa ro omi sínú iná, kí ó máa ṣe ṣìn-ìn-ìn. Òórùn tí ẹ rò pé òróró nìkan ló lè fún yín, iná ló ní i. Ẹ bó èèpo ẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú rodo, aáyù àti atalẹ̀, kó má kúnná jù. Ẹ dà á sínú ìkòkò gbígbẹ, kó máa fi omi ara ẹ̀ hó títí tí yóò fi ki, ẹ sọ irú wóró sí i, ẹ já efinrin lé e kẹ́yìn. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ ta epo ṣíbí tíì kan sí i. Ẹja ẹ̀pìyà yíyan tí mo da èyí sí lórí, ọkọ mi jẹ ẹ́, kò béèrè epo.

Ìyá rẹ̀ ló béèrè. Wọ́n wá kí wa, wọ́n ṣí ìkòkò, wọ́n wo inú ẹ̀ dáadáa, wọ́n fa ọmọ wọn sí kọ̀rọ̀. Mo gbọ́ wọn: "Ṣé o ò fún ìyàwó ẹ lówó epo ni?"

Àmọ́ ẹ sọ fún mi, ẹni tó ń jí ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ kó lè bá ọkọ̀ wọ Èkó, tó ń bọ̀ lálẹ́ pẹ̀lú gósíloò, ìgbà wo ló fẹ́ máa fẹ́ èédú? Ọjọ́ Sátidé nìkan ni mo ń ráyè. Ọjọ́ tó kù, ọwọ́ àwọn olóúnjẹ títì ni ẹ̀mí wa wà. Ọjà Mile 12 tí ata Òkè Ọya ń já sí kò jìnnà sí wa rárá, ata ò wọ́n wa bí ti àwọn ẹlòmíì. Ẹni tí yóò ṣíwọ́ òróró lórí ẹ̀ ni a ò rí.

Ẹ̀yin màámi oníbùkà, mo bẹ̀ yín, ẹ ò ní pàdánù nǹkan kan. Ẹ gbé ìkòkò kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ńlá yẹn. Ẹ má dín in, ẹ kàn sè é kó ki. Òróró ti wọ́n, owó yín ni ẹ máa dá sí. Ẹ tà á ní iye kan náà, mi ò ní ná an. A pọ̀ tí a máa rà á, gbogbo àwa tí wọ́n ti kọ ìwé dókítà fún ní ìlú yìí. Ẹ ṣáà bá mi fi ṣíbí ọ̀tọ̀ sínú ẹ̀, ẹ má fi èyí tó ti inú òróró jáde bu tèmi.