Ọmọ tó rí rọ̀bọ̀tọ̀: ẹ mú okùn, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n

Láti Kàbà títí dé Ìsánlú, bí ọmọ bá rí rọ̀bọ̀tọ̀, ìyá rẹ̀ là ń kí kú ìtọ́jú. Bó bá tínrín, a ó ní ìyá ń febi pa á. Ó yé mi. Àwọn ìyá wa àgbà mọ ìgbà tí ebi àti igbóná ń pa ọmọ, ẹran ara ọmọ ló ń fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Síbẹ̀, irọ́ ni pé sísanra ni ìlera. Irọ́ sì ni pé ojú lásán tó láti mọ ọmọ tó sanra jù.

Ọmọ tí kwashiorkor, àìsàn àìjẹunre, mú, omi ló kún ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn á ní ó ń dára sí i. Ẹ fi àtàńpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe àtẹ́lẹsẹ̀, wò: ibẹ̀ á jin kòtò, kò ní tètè padà.

Kílò nìkan náà ò tó. Ọmọkùnrin ọdún 10 kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 130, ó tẹ̀wọ̀n kílò 35. Mítà 1.3 ni gíga yẹn. Ẹ sọ 1.3 di púpọ̀ lọ́nà 1.3, 1.69 nìyẹn, ẹ fi pín 35, ó di bíi 20.7, èyí tí wọ́n ń pè ní BMI. Fún àgbàlagbà, kò séwu, torí 25 ni tiwọn ti ń pọ̀jù. Ṣùgbọ́n lórí àtẹ WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti ọdún 2007, ọmọkùnrin ọdún 10 tó bá ti kọjá nǹkan bíi 18.5 ti sanra ju bó ti yẹ lọ.

Ọ̀nà ìwọ̀n tí mo fẹ́ràn jù kò gba ìṣirò rárá. Ẹ wá okùn tí kì í fà. Kí ọmọ bọ́ bàtà, kó fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ wọ̀n ọ́n láti àtàrí dé gìgísẹ̀, kí ẹ gé okùn níbẹ̀. Ẹ ká okùn náà sí méjì. Ẹ wá àárín egungun ìhà tó kẹ́yìn nísàlẹ̀ àti orí egungun ìbàdí, kì í ṣe ibi tó ń so bẹ́líìtì. Kó mí síta, kó má fa ikùn wọlé o, àwọn ọmọ fẹ́ràn kí wọ́n fà á! Ẹ fi okùn yí i ká láì fún un. Bí orí àti ìdí okùn ò bá kan ara wọn, ikùn rẹ̀ ti ju ìdajì gíga rẹ̀ lọ. Ọ̀rá inú ikùn yìí gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ń bá rìn. Láti 2022 ni NICE, àjọ tó ń fún àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìlànà, ti ní wọ́n lè máa lo ìdajì yìí fún ọmọ ọdún 5 sókè.

Ẹ má lò ó fún ọmọ tí kò tíì tó ọdún 5. Ikùn tiwọn máa ń yọ. Rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ tí nọ́ọ̀sì ń so mọ́ apá ọmọ oṣù 6 sí 59 ńkọ́? Àìjẹunre ló ń wá. Pé ó bọ́ sí àwọ̀ ewé kò sọ pé ọmọ ò sanra jù.

Bí okùn ò bá pàdé, ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù kí wọ́n wọ̀n ọ́n dáadáa, kí wọ́n sì wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ẹ má febi pa á, ẹ má sì pè é ní ọ̀bùn tàbí alájẹkì lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Mínírà àti bísíkíìtì tó ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù, kó máa fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé níbi tí ọ̀nà ò bá léwu, dípò ọ̀kadà.