Ọjọ́ márùn-ún tí Gaiseric tọrọ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ roleplay, eré tí kálukú ti ń ṣe bí ẹnìkan nínú ìtàn, tí a ti ń pète láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni mo fẹ́ sọ lónìí. Àwa mẹ́fà ti fẹnu kò sí i pé ayé Róòmù nígbà tí ọjọ́ ń rọ̀ fún wọn ni a máa lò, a sì máa yí ìtàn padà. Ibi tí a ti máa yí i gan-an ni a ò tíì fẹnu kò sí. Àwọn kan nínú wa ní ká ṣáà sọ pé Róòmù ò ṣubú, kó parí síbẹ̀. Èmi ò gbà. Ẹ jẹ́ kí n ro tẹnu mi.

"Róòmù ò ṣubú" kì í ṣe ibi tí ìtàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbéra láti ibẹ̀ kò ní mọ ìdí tí ohunkóhun fi rí bó ṣe rí. Mo ti bá àwọn kan ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ rí. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnìkan ti rọ ìbọn, ẹlòmíì ti ń la ọ̀nà rélùwéè láti ìlú Ravenna ní Ítálì, gbogbo èèyàn ló fẹ́ jẹ Késárì, kò sí ẹnikẹ́ni tó ń san owó orí. Eré náà kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ó dùn mí wọra, torí òru púpọ̀ ni mo fi kàwé dè é.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká yí padà, kó sì jẹ́ ohun kékeré. Ọdún 468 ni mo mú.

Fún ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà: ìjọba Róòmù ti pín sí méjì nígbà náà, ìwọ̀-oòrùn ní Ítálì, ìlà-oòrùn ní Constantinople (Istanbul òde òní), Késárì kan sì ń jẹ ní apá kọ̀ọ̀kan. Ní 439, Gaiseric, ọba àwọn Vandal, ẹ̀yà kan tó ṣí wá láti Yúróòpù, gba Carthage, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tùnísíà lónìí. Láti ibẹ̀ ni àlìkámà àti òróró ti ń wọ Róòmù. Owó orí ibẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń bọ́ àwọn ọmọ ogun ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn a máa pariwo 410 tí Alaric, ọba àwọn Goth, kó Róòmù lẹ́rù, tàbí 476 tí ọ̀gágun Odoacer yọ ọmọdé nì, Romulus tó jẹ Késárì ìwọ̀-oòrùn, kúrò lórí oyè. Lójú tèmi, 439 ló dun ìwọ̀-oòrùn jù. Ẹni tí olè jí àpò rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ owó míì, ẹni tí wọ́n gba oko lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́?

Majorian, Késárì ìwọ̀-oòrùn, gbìyànjú láti gba Carthage padà. Ó kó nǹkan bí ọkọ̀ ojú omi 300 jọ sí Sípéènì, àwọn Vandal sì ká wọn mọ́bẹ̀ ní 460 kí wọ́n tó ṣí. Nígbà tó di 468, Leo tó jẹ Késárì ní Constantinople àti Anthemius tó jẹ tiwọn ní ìwọ̀-oòrùn pawọ́ pọ̀. Ọkọ̀ tó lé ní 1,000 ni wọ́n kó jáde. Candidus tó kọ ìtàn náà ní ìwọ̀n wúrà tí wọ́n ná tó pọ́nùn 64,000, láìtíì ka fàdákà. Pọ́nùn wúrà kan ni wọ́n fi ń rọ ẹyọ owó 72. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ ẹyọ owó wúrà.

Ohun gbogbo ń lọ déédéé. Ọ̀gágun Marcellinus ti gba erékùṣù Sardinia. Ọ̀gágun Heraclius ti gúnlẹ̀ sí apá Tripoli ní Líbíà, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Basiliscus, tí Leo fẹ́ arábìnrin rẹ̀, ló ṣáájú àwọn ọkọ̀ tó pọ̀ jù, ó sì gúnlẹ̀ sí ẹ̀bá Cape Bon. Ibẹ̀ kò jìnnà púpọ̀ sí Carthage. Gaiseric bá ránṣẹ́ sí i: jọ̀ọ́, fún mi ní ọjọ́ márùn-ún kí n fi ronú. Basiliscus fún un. Àwọn kan ní ó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn ní ọ̀lẹ ni. Atẹ́gùn ni Gaiseric ń retí.

Nígbà tí atẹ́gùn náà dé, àwọn Vandal ta ìgbòkun, wọ́n ń fa àwọn ọkọ̀ òfìfo tẹ̀lé wọn. Bí wọ́n ṣe súnmọ́, wọ́n tiná bọ àwọn ọkọ̀ òfìfo náà, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ kí atẹ́gùn máa gbé wọn lọ. Ọkọ̀ Róòmù ti fún mọ́ra jù. Procopius, òpìtàn kan, kọ ọ́ pé ariwo iná àti ti atẹ́gùn pàdé ariwo èèyàn, àwọn ọmọ ogun àti àwọn atukọ̀ ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ tó ń jó sẹ́yìn, wọ́n sì ń ti ọkọ̀ ara wọn náà, torí gbogbo rẹ̀ ti ń gbiná. Igbákejì Basiliscus kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ John. Ó jà lórí ọkọ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi ká a mọ́, ọmọ Gaiseric ń bẹ̀ ẹ́ pé kò sóhun tó máa ṣe é, John kọ̀, ó bẹ́ sómi pẹ̀lú ihámọ́ra lọ́rùn. Gbogbo ìgbà tí mo bá ka ibẹ̀ ni mo máa ń pa ìwé dé fúngbà díẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ká yí kò ju èyí lọ: Basiliscus dáhùn pé rárá. Gaiseric ṣì gbọ́n, atẹ́gùn náà ṣì máa fẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó máa fẹ́, àwọn ọmọ ogun ti wà lójú ọ̀nà Carthage.

Ẹ wá wo ohun tó kù. Carthage bọ́ sí wọn lọ́wọ́, àpò Leo sì gbẹ. Ta ló ni àlìkámà? Leo ló náwó, Anthemius ni ebi ń pa àwọn èèyàn rẹ̀. Sidonius, tó ń ṣàkóso ìlú Róòmù lọ́dún náà gan-an, kọ lẹ́tà pé ẹ̀rù ń ba òun kí àwọn èrò má figbe ebi ta nínú ilé ìwòran. Ó gbọ́ pé ọkọ̀ márùn-ún láti Brindisi ti dé ẹnu odò Tiber pẹ̀lú àlìkámà àti oyin, ó sì ní kí wọ́n tètè lọ kó wọn wá. Ọkọ̀ márùn-ún péré! Mo fẹ́ràn lẹ́tà yẹn ju ìtàn ogun púpọ̀ lọ, torí èèyàn lè gbé ìwà ọkùnrin náà wọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí a tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì, àbúrò tó kéré jù nínú wa ló bi mí ní ìbéèrè tó fi yé mi pé ibí yìí la máa dúró sí. Ó fi bírò sí ẹ̀yìn Carthage, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló wá ni oko yìí?" Gaiseric ti gba ilẹ̀ àyíká ibẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, ó pín in fáwọn èèyàn rẹ̀. Láti 439 sí 468 jẹ́ ọdún 29. Ọmọ Vandal tí wọ́n bí sínú oko náà ti dàgbà, ó ti níyàwó, igi ólífì tó gbìn ti ń so. Onílẹ̀ àtijọ́ sì ń bọ̀ láti Ítálì pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Àwọn tó ń ro oko náà wà láàárín. Ẹni tí ẹjọ́ ilẹ̀ bá ti wọ ẹbí rẹ̀ rí á mọ ohun tí mò ń sọ.

Kì í ṣe pé mo ń fi orí ara mi hùmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Belisarius, ọ̀gágun Constantinople, gba Carthage lóòótọ́ ní 533, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fẹ́ obìnrin Vandal, wọ́n fẹ́ mú ilẹ̀ ìyàwó wọn, ìjọba ní tòun ni. Wọ́n dìtẹ̀ ní 536.

Eudocia tún wà níbẹ̀, ọmọ Késárì Valentinian kẹta, tí Gaiseric kó lẹ́rú láti Róòmù ní 455, tó sì fi fún Huneric ọmọ rẹ̀. Bí ogun bá kanlẹ̀kùn, ṣé ogun ọ̀tá ni lójú rẹ̀ àbí àwọn ará ilé rẹ̀?

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni ò ní ṣe Leo, ẹnikẹ́ni ò ní ṣe Gaiseric. Èmi ni mo máa di àwọn ọba mú. Ẹ̀yin ẹ mú ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kan ikùn rẹ̀. Wọ́n ti mú onílẹ̀ tó ń bọ̀ láti Ítálì, wọ́n ti mú ọlọ́kọ̀ tó ń kó àlìkámà, bíṣọ́ọ̀bù tí àwọn Vandal lé jáde náà ti ní ẹni tó ń ṣe é. Ọmọ Vandal tó wà lóko ló ṣẹ́kù. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá fi ṣe ẹhànnà. Mo fẹ́ ẹni tó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà oko rẹ̀, kó sọ fún onílẹ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n sin bàbá òun sí.