Kì í ṣe Mùsùlùmí àti àlejò nìkan ló gbé Sadiq Khan wọlé

Bí ọ̀rọ̀ ìbò tó gbé Sadiq Khan, Mùsùlùmí tó jẹ́ mẹ́yọ̀ London, wọlé bá ti délẹ̀ láàárín àwa ọmọ Yorùbá ibí, ohun kan náà lẹ máa gbọ́: “Àwọn Mùsùlùmí àti àlejò ló ń gbé Khan wọlé.” Mo gbọ́ ọ lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, mo tún gbọ́ ọ lẹ́yìn ìsìn. Ó ń dùn mí, torí èsì ìbò wà nílẹ̀, kò sì sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ti 2 May 2024. Khan ti ẹgbẹ́ Labour ní ìbò 1,088,225, Susan Hall ti ẹgbẹ́ Conservative ní 812,397. Nínú agbègbè ìdìbò 14, Khan mú 9, Hall mú 5. Èwo ni Hall mú? Brent àti Harrow wà níbẹ̀, níbi tí àwọn ará Éṣíà àti aláwọ̀ dúdú ti pọ̀ ju òyìnbó lọ. Ealing àti Hillingdon náà wà níbẹ̀, tòun ti Southall àwọn ará Punjab. South West, níbi tí Richmond àwọn olówó wà, Khan ló mú un.

Ọkọ̀ ló dá ìjà sílẹ̀. Láti 29 August 2023 ni Khan ti mú owó ULEZ, owó èéfín ọkọ̀, dé gbogbo igun London: ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ bá burú, £12.50 lójúmọ́. Ẹni tó ń gbé Camberwell, nítòsí àárín ìlú, bọ́ọ̀sì ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kan ń wa dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kiri Bexley létí ìlú, ó ń wẹ̀ fún àwọn arúgbó nílé wọn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ Friday, £62.50 ti lọ, kò tíì ra epo. Mùsùlùmí paraku ni, ọmọ Ìjẹ̀bú. Hall ló dìbò fún.

Lóòótọ́, Khan na Hall ní ànàbolẹ̀ ní City and East, níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n gbogbo Mùsùlùmí London, tọmọdé tàgbà, bíi 15 nínú 100 ni wọ́n nínú ìkànìyàn 2021.

Bíi 40 péré nínú 100 tó forúkọ sílẹ̀ ló sì jáde dìbò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò tiẹ̀ forúkọ sílẹ̀, wọ́n ní àfi ẹni tó bá ní páálí pupa, ìyẹn ìwé ìrìnnà Britain. Irọ́ ni. Ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú lè dìbò níbí, torí ọmọ Commonwealth ni. Páálí aláwọ̀ ewé wa ni mo nà sí ìyá tó jókòó sídìí tábìlì lọ́jọ́ náà. Ó wo fọ́tò, ó wò mí, ó já bébà ìbò fún mi.