Ẹtu tí mo fẹsẹ̀ wá kiri, inú ìkòkò ló wà

Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, ẹ kọ́kọ́ kà á dé ìsàlẹ̀ ná.

Mo lọ sùn ní lọ́ọ̀jì inú igbó kan ní Èkìtì níbí, mi ò ní dárúkọ wọn. Lórí Instagram wọn, ẹtu rèé, ọ̀bọ rèé, àtíòro rèé. Aago mẹ́fà ìdájí la ti wọgbó, èmi àti bàbá tó ń mú àlejò kiri, ọdẹ ni bàbá yìí tẹ́lẹ̀ o, ìrì rẹ ṣòkòtò mi dé orúnkún, ìjàlọ bá mi fa wàhálà tiẹ̀ lọ́tọ̀. Àtíòro méjì fò kọjá lókè, apá wọn ń dún fùù fùù, inú mi dùn bí ọmọdé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan mọ́. Bàbá bá bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ han mí ojú ẹsẹ̀ ẹtu nínú ẹrẹ̀, bíńtín, ó là sí méjì. Èèpo kátíríìjì pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

"Àǹtí, ẹran ti ń tán ní ugbó."

Ó ní nígbà tóun ń dẹ igbó ọba tó wà ní Ise, òun máa ń rí ìtẹ́ ìnàkí (ṣinpansí) lórí igi, alaalẹ́ ni wọ́n ń tẹ́ tuntun. Irú ìnàkí yẹn, àfi Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù nìkan! Uganda ń gba 800 dọ́là lọ́wọ́ àlejò kó tó lè wo gọ̀rílà fún wákàtí kan péré, àwa ń kó tiwa sọ́bẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa sọ pé bàbá ńlá wa náà jẹ ẹ́, ẹ jọ̀ọ́, bàbá ńlá yín ò fi ọ̀kadà gbé e lọ tà lójú títì Àkúrẹ́.

A délé, ebi ń pa mí, mo ní kí wọ́n gbé iyán wá. Ẹran wo ló wà?

"Ẹtu ni mà, àná ni wọ́n gbé e wá."

Mo pariwo títí máníjà fi jáde, ó ní àlejò ló ń bèèrè ẹ̀. Bàbá wà lábẹ́ igi, ó kàn ń rẹ́rìn-ín: "Owó ẹtu méjì ju owó oṣù mi lọ."

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo ní kí wọ́n fi ẹyin rọ́pò ẹran. Ọbẹ̀ kan náà ni wọ́n bù wá o, iyán ti wà nílẹ̀, ó ń gbóná, mo sì jẹ ẹ́ tán. Ribíù tí mo kọ nípa wọn ṣì wà nínú fóònù mi, mi ò tíì lè fi ránṣẹ́.